Èéfín Nínú Ilé Tí Kò Dáná

Òkú kì í pupa bẹ́ẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wẹ òkú obìnrin ní àdúgbò wa ní ìlú Margilon. Mo ti wẹ arúgbó, mo ti wẹ abiyamọ, mo ti wẹ ìyá ọkọ mi tó fi èébú jí mi láàárọ̀ fún ogún ọdún gbáko, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo sì fi wẹ̀ ẹ́ kó má baà rí nǹkan wí. Òkú a máa funfun bí ìyẹ̀fun. A máa ṣì bí ìda. Ẹ̀yìn rẹ̀ a máa dúdú níbi tó fi lélẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, nígbà tí mo ká aṣọ kúrò lójú Oyniso, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa bí ti ìyàwó tuntun. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, opó ọjọ́ mẹ́ta, ó dùn-ún wò ju èmi tí mo wà láàyè lọ. Ìyẹn kò le. Ọ̀pọ̀lọ́ ìdí àmù náà dùn-ún wò jù mí lọ.

Mo gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀.

"Ẹ má bu omi mọ́," mo sọ fún àwọn obìnrin tó ń ràn mí lọ́wọ́. "Ẹ ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá."

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti bá Hakimjon ọmọ rẹ̀, tó ń mí bí ẹwìrì tó ya. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti gbé e lọ. Ìyàwó Hakimjon, Muqaddas, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé oyún oṣù méje. Kò sunkún. Ó ń wo ìkòkò tíì bí ẹni tó gbàgbé ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí. Ọjọ́ Ajé ni bàbá Hakimjon kú, ikú àgbà, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ilé tí òkú bá ti jáde, a kì í dáná níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Aládùúgbò ló ń gbé oúnjẹ wá. Ayálégbé ni ìdílé Hakimjon. Turgun ló ni ọgbà náà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé apá ọ̀tún, ìdílé Hakimjon háyà apá òsì, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin wọn. Aboyún kì í sì í sùn níbi tí òkú ti jáde, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyàwó Turgun ni Muqaddas ń sùn. Òun ló gbé tíì wọlé láàárọ̀, tó bá wọn bẹ́ẹ̀.

*

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá ń jẹ́ Elyor. Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń tọ̀ sára. Ó ti wá sanra, ó ti ní irùngbọ̀n, ó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi ènìyàn léèrè láìwo ojú rẹ̀.

"Màmá Ruzvon, ẹ káàárọ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n pè wá."

"Èmi ni. Wo ojú rẹ̀."

Ó wò ó. "Òtútù ni, Màmá. Òtútù máa ń mú kí òkú pupa. Ilé tí wọn ò dáná sí fún ọjọ́ mẹ́ta, nínú oṣù kìíní!"

"Ìs ńkọ́?"

Ìs ni àwa ń pe èéfín èédú tí kò ṣeé rí, tí kò ní òórùn, tó ń pa ènìyàn lójú oorun. Kò sí ọdún tí kì í mú ẹnì kan lọ lágbègbè wa.

Elyor kúnlẹ̀ níwájú ààrò, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó bu eérú jáde. "Ìs wo? Ààrò yìí tutù ju ọkàn ìyá ìyàwó mi lọ. Níbi tí kò síná, níbo lèéfín ti fẹ́ wá?"

Èmi náà fọwọ́ kàn án, eérú tútù ni.

Elyor yíjú sí Muqaddas.

"Ta ló gbé oúnjẹ wá fún wọn kẹ́yìn?"

"Èmi ni."

"Kí ni?"

"Ọbẹ̀ ìrẹsì. Ìyàwó Turgun ló sè é."

"Gbogbo yín lẹ jẹ nínú ìkòkò kan náà?"

"Màmá kì í jẹ iyọ̀. Mo bu tiwọn sọ́tọ̀ kí wọ́n tó fi iyọ̀ sí i."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó bá wọn jẹ nínú tiwọn. Kí wọ́n má baà dá jẹun."

"Àwo yẹn dà?"

"Mo ti fọ̀ ọ́."

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí."

"Ìyá ọkọ rẹ kú, ọkọ rẹ ń kú lọ, o wá ń fọ àwo?"

Muqaddas rò ó wò. "Ó dọ̀tí," ó ní.

Ẹni tí ara rẹ̀ ti kú ló ń dáhùn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ tèmi kú, mo jókòó, mo gé èékánná ẹsẹ̀ mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, nígbà tí mo ṣe tán, mo gbé ológbò, mo gé tirẹ̀ náà. Ẹni tó bá rí mi ìbá ní mo ya wèrè tàbí èmi ni mo pa á. Ṣùgbọ́n Elyor ṣì kéré, kò tíì sin ẹnikẹ́ni. Gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé Oyniso àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ kì í gbọ́ra wọn yé lórí ọ̀rọ̀ iyọ̀, lórí ọ̀rọ̀ aṣọ, lórí ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń da tíì.

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti mú Muqaddas lọ. Wọ́n gbé òkú náà lọ pẹ̀lú, kí dókítà ìjọba fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú ńlá. Ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n ní, kí èsì tó dé. Ọjọ́ mẹ́wàá nínú àhámọ́ tí ògiri rẹ̀ ń sun omi, pẹ̀lú oyún oṣù méje. Mo ti wẹ ọmọ tí kò tó oṣù mẹ́jọ rí. Àwo ọbẹ̀ kan tó láti fi wẹ̀ ẹ́.

*

Mo padà lọ sílé olókùú lọ́sàn-án. Mo ní mo wá gbé bàsíà mi. Elyor ṣì wà níbẹ̀, ó ń mu tíì ní ìdúró.

Yàrá náà wà bí ilé ọ̀fọ̀ ṣe máa ń wà: aṣọ funfun lórí jígí, aṣọ funfun lórí tẹlifíṣọ̀n, àpótí onígi ńlá lẹ́yìn, kúbùsù bí ogún tí wọ́n tò lé e lórí títí dé ìtòsí àjà, hítà iná mànàmáná kékeré kan tí aládùúgbò yá wọn. Lójú fèrèsé, àgò akèrègbè rọ̀, irú èyí tí àwọn ọkùnrin wa ń fi àparò kékeré sí, tí wọ́n á máa tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Mo nàró, mo yọjú wò ó.

"Elyor, àparò yìí ti kú."

"Òtútù."

"Òtútù ló pa á?"

"Màmá, mo ti wí fún yín. Òtútù."

"Gbé ife omi rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀."

Ife náà kò ju ìdérí ìgò lọ. Ó gbé e wá.

"Ti ìka bọ̀ ọ́. Kí ni?"

"Omi ni."

"Kì í ṣe yìnyín?"

"Omi ni, Màmá."

"Omi tí kò kún ìdérí ìgò, òtútù kò rí i dì. Ẹyẹ tó wọ aṣọ ìyẹ́ láti ọmọ ọwọ́, òun ni òtútù wá rí pa?"

Elyor wo ìka rẹ̀ tó tutù, ó wo àgò.

"Jéró nìkan ló sì ń jẹ," mo ní, "láti ọwọ́ Hakimjon nìkan. Kò bá wọn jẹ ọbẹ̀ aláìníyọ̀. Tó o bá sọ fún mi pé ìyàwó fún ìyá ọkọ rẹ̀ ní májèlé, màá gbọ́. Èmi náà rò ó lẹ́ẹ̀mẹta nípa tèmi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fún àparò ní májèlé? Kí ló ṣe fún un?"

"Ààrò tutù, Màmá. Ẹ̀yin náà fọwọ́ kàn án."

"Mo fọwọ́ kàn án."

Nígbà yẹn la gbọ́ ìró ọkọ́ lára irin lẹ́yìn ògiri. Ìyàwó Turgun ń kó èédú sí ààrò tirẹ̀. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ikùn àgùntàn.

Mo jáde síta, mo gun òkìtì èédú kí n lè rí òrùlé. Òkìtì náà ṣubú lábẹ́ mi, mo fi ìdí gúnlẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ pé Ọlọ́run fi ẹran síbẹ̀ dáadáa. Láti ibi tí mo jókòó sí yẹn ni mo ti rí i: ọ̀pá èéfín kan ṣoṣo ló yọ lórí òrùlé.

"Turgun!" mo pariwo. "Ọ̀pá èéfín apá òsì dà?"

Turgun sáré jáde, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta tó rọ̀ bí búrẹ́dì tó ń wú. "Ọ̀kan náà ni, Màmá. Bàbá mi ló mọ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ààrò méjèèjì ń mí láti ihò kan. Ogójì ọdún nìyí, kò bá wa jà rí."

"Nínú ogójì ọdún yẹn, ìgbà kan wà nínú òtútù tí apá kan ń dáná, tí apá kejì kò dáná?"

Ó ronú. "Rárá o. Ta ni kì í dáná nínú oṣù kìíní?"

"Olókùú," mo ní.

*

A padà wọ yàrá òkú, Turgun tẹ̀lé wa. "Elyor, fún mi ní sìgá kan."

"Màmá!"

"Ṣáná sí i fún mi. Kì í ṣe tuntun lẹ́nu mi."

Mo fà á lẹ́ẹ̀kan. Irọ́ ni mo pa, tuntun ni. Mo wúkọ́ títí ìsàlẹ̀ fi bá òkè dáhùn. Ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ ilé, ó gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Nígbà tí mo rí èémí mí, mo sọ fún Turgun pé kó lọ kó èédú sí ààrò tirẹ̀, kó sì ti irin tó ń dí ọ̀nà èéfín bó ṣe tì í lánàá. Ó ní lánàá òun tì í ré kọjá ìdajì, kí ooru má baà lọ, nítorí òtútù ń mú aboyún. Ó lọ ṣe é. Mo kúnlẹ̀, mo gbé sìgá náà sí ẹnu ààrò tútù tó wà níwájú wa.

Ó yẹ kí ààrò fa èéfín sìgá wọlé. Gbogbo ẹni tó ti dáná rí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín náà dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, ó tẹ̀, ó sì yà sí ojú èmi àti Elyor.

Elyor dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu.

"Ìyẹn ni pé yàrá Turgun ń gbóná, ó ń ti èéfín tirẹ̀ sókè," ó ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń ka lẹ́tà. "Òkè ti há. Èéfín wá ibòmíràn."

"Ó rí ọ̀nà tútù, ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń dáná kò mọ nǹkan kan. Ẹni tí kò dáná ló mu ún."

"Kò wá sí májèlé."

"Kò sí. Lọ tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Kò lọ. Ó ń wo ògiri lókè àpótí. Ìṣó kan wà níbẹ̀, abẹ́ ìṣó náà mọ́ ní onígun mẹ́rin, bí ọwọ́ mi méjì, èéfín ọdún ti pa gbogbo ìyókù láró.

"Màmá, ẹ mọ ìlànà. Ẹni tó bá gba ayálégbé gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ atanilólobó sí gbogbo yàrá tó ní ààrò. Tí ìs bá ti wọlé, ẹ̀rọ á ké, oorun ò ní í jẹ́ oorun mọ́. Ẹ̀rọ tibí dà?"

*

Turgun búra pẹ̀lú gbogbo ohun tó ní, àní pẹ̀lú orí màlúù rẹ̀.

"Mo fi í síbẹ̀! Ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́dọ̀ mi. Ìgbà ìkórè òwú ni ìgbìmọ̀ àdúgbò wá yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n tẹ bọ́tìnì rẹ̀, ó han débi pé àwọn adìyẹ mi kò yé ẹyin fún ọjọ́ méjì!"

"Ó wá fò lọ?" Elyor bi í.

"Mi ò mọ̀, ọ̀gá."

"Bóyá tìrẹ ló bàjẹ́, tó o wá yọ ti ayálégbé lọ sọ́dọ̀ ara rẹ."

A lọ wò ó. Èmi ni mo yọ ọ́ lára ògiri yàrá Turgun. Òróró ìrẹsì ti lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ìka mi ń fà, ibi tí ó wà lára ògiri sì mọ́ tóní. Ẹ̀rọ yìí kò kúrò níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e kọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀.

"Ó dáa," Elyor ní. "Ẹnì kan ṣáà yọ ti ọ̀hún. Ẹni tó yọ ọ́ ló pa ìyá yẹn. Ẹni méjì péré ni mo rí: onílé, tàbí ẹni tó mọ̀ pé òun ò ní sùn níbẹ̀. Màá tún bi ọmọbìnrin yẹn. Tí kì í bá ṣe òun, Turgun, múra sílẹ̀. Aṣọ tó nípọn ni kó o wọ̀."

Turgun jókòó sórí ìdérí kànga.

*

Mo bẹ Elyor kó jẹ́ kí n bá a lọ. Mo mú búrẹ́dì àti ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn dání.

Muqaddas jókòó lórí pákó. Wọ́n ti fún un ní tíì, kò mu ún, awọ ti bo ojú tíì náà. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀ fúnra mi. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè fún mi bí ọmọdé, èkínní, èkejì.

Elyor sọ fún un pé ìs ló wọlé, kì í ṣe ọbẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri," Elyor ní. "Ìwọ lo yọ ọ́?"

Ó ń yí búrẹ́dì tí mo mú wá lọ́wọ́.

"Àbí Turgun?"

"Bùrọ̀dá Turgun kọ́."

"Ìwọ wá ni."

Ó wo ìbọ̀sẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Muqaddas," mo ní, "ọmọ mi, má ṣe báyìí. Bí o bá yọ ọ́, ìdí kan wà. Ta ló ní kó o yọ ọ́? Ìyá ọkọ rẹ ni? Òkú kì í bínú, dárúkọ rẹ̀."

"Màmá kọ́."

"Hakimjon?"

"Rárá."

"Ta wá ni?"

Ó gbé ojú sókè, ó wò mí, ó sì tún gbé ojú sílẹ̀ kíá. "Ẹ má bi mí, Màmá Ruzvon. Ẹ jọ̀ọ́."

Elyor mí kanlẹ̀, ó ti ìwé rẹ̀ pa. "Ẹ rí i? Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò máa pariwo."

Mo bọ́ sójú ọ̀nà, mo ń rìn bọ̀ wálé. Mo ń rò ó. Ó dáhùn nípa Turgun. Ó dáhùn nípa òkú. Ó dáhùn nípa ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bo ara rẹ̀ ì bá ti ti ọ̀kan nínú wọn síwájú, pàápàá èyí tó ti kú. Ó ń bo ẹlòmíràn nígbà náà, ẹni tí kò tíì dárúkọ. Ìyàwó ilé tí a kọ́ dáadáa lè dárúkọ ẹnikẹ́ni fún ọlọ́pàá. Ẹnì kan ṣoṣo wà tí kò lè dárúkọ, kódà bí wọ́n bá fẹ́ so ó kọ́: àgbà tó wà níwájú rẹ̀, tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un.

Mo dúró láàrin ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ kan yà fún mi, ẹni tó gùn ún bú mi.

Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí a gbé bàbá Hakimjon jáde, èmi àgbà ni mo dúró sínú yàrá yẹn, tí mo ń pàṣẹ bí ọ̀gágun. Mo pe ìyàwó, mo ní: "Bo ohun tó ń dán. Ohun tó bá ń kọrin, tó bá ń ké, tó bá ń ṣẹ́jú, kó gbogbo rẹ̀ pamọ́. Ọjọ́ mẹ́ta, ilé yìí kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn mìíràn ju ohùn àdúrà lọ." Ohun tí mo máa ń sọ ní ilé ọ̀fọ̀ gbogbo nìyẹn. Mo ti ń sọ ọ́ kó tó di pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà. Ẹnu mi ti sọ ọ́ débi pé etí mi kì í gbọ́ ọ mọ́.

*

Kò sí ẹnì kankan nínú yàrá náà nígbà tí mo dé. Mo wó kúbùsù ogún sílẹ̀, mẹ́ta bò mí mọ́lẹ̀, mo ráre lábẹ́ wọn bí màlúù tó fẹ́ bí. Mo ṣí àpótí.

Rédíò kékeré wà níbẹ̀. Aago tó ń dún láàárọ̀ wà níbẹ̀. Lábẹ́ wọn, nínú kúbùsù ọmọ tuntun tí Muqaddas ti rán sílẹ̀ de oyún rẹ̀, ẹ̀rọ funfun náà wà. Ó ti wé e dáadáa, bí wọ́n ṣe ń wé ohun tí àgbà ní kí wọ́n tọ́jú.

Ó ń ké. Kì í ṣe igbe ńlá mọ́. Bátìrì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ń ké bí òròmọdìẹ, ó sinmi, ó tún ké. Inú àpótí yẹn ló ti pariwo, lábẹ́ kúbùsù ogún, lẹ́sẹ̀ ìyá àti ọmọ tí ẹ̀rọ náà fẹ́ jí lójú oorun.

Mo jókòó. Ó yẹ kí n sunkún. Mo dúró de ẹkún, kò wá. Mo wo ọwọ́ mi, ó dà bí ọwọ́ ẹlòmíràn tí wọ́n gbé lé mi lórí itan. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé n kò tíì jẹun láti àárọ̀, pé ẹran àgùntàn wà nílé. Ìyẹn ni mo rò.

Mo tún rò ó pé kò sẹ́ni tó rí mi.

Mo gbé ẹ̀rọ náà, mo ti í sínú ṣòkòtò mi, níbi tí ọlọ́pàá kankan kò ní láyà láti wò. Mo to kúbùsù padà. Mo jáde sí ọgbà.

Elyor ti dé. Wọ́n ti mú Turgun, ó wọ aṣọ tó nípọn bí wọ́n ṣe sọ fún un, ìyàwó rẹ̀ ń di bọ́tìnì rẹ̀ fún un, ó ń ṣì wọ́n dì, ó ń tú wọn, ó tún ń dì wọ́n.

"Ọmọbìnrin yẹn kò sọ̀rọ̀," Elyor sọ fún mi. "Mo mú àwọn méjèèjì. Adájọ́ ni yóò yàn."

Ẹ̀rọ náà ké nínú ṣòkòtò mi.

Elyor wo ìsàlẹ̀, ó wo òkè. "Màmá, kí ló ń ké lára yín?"

"Fóònù mi ni," mo ní.

Ó gbà á gbọ́. Kí ni ò ní í gbà á gbọ́ sí? Èmi ni mo wẹ ìyá ìyá rẹ̀. Wọ́n ti Turgun sínú ọkọ̀, ó tẹrí kó má baà gbá òrùlé ọkọ̀, ó sì yíjú sí mi láti inú, ó ní: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo obìnrin yìí, kó jẹun." Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ dúró," mo ní.

Kò sí ẹni tó gbọ́. Mo pariwo rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ bọ ṣòkòtò níwájú ọlọ́pàá mẹ́ta àti gbogbo àdúgbò, ó há, mo wá a kiri, ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, n kò sì dá a lẹ́bi. Tí kì í bá ṣe èmi ni, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín. Mo fà á jáde. Ó ké lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo wọn.

"Inú àpótí ló wà. Èmi ni mo ní kí Muqaddas kó o síbẹ̀. Kì í ṣe onílé, kì í ṣe ìyàwó. Ìyàwó kàn gbọ́ràn ni."

Elyor gbà á. Ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Ẹ mọ̀ pé orúkọ yín ni mo fẹ́ kọ síbẹ̀ yìí, Màmá?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ruzvon. Kọ ọ́ kó hàn."

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n tú Turgun àti Muqaddas sílẹ̀; èmi, wọ́n ní kí n máa lọ sílé títí wọ́n á fi pè mí. Elyor bi Muqaddas pé kí ló dé tí kò sọ ọ́. Ó ní: "Ọwọ́ mi ló kó o. Kí ni mo fẹ́ sọ?" Ìyẹn náà ni gbogbo ohun tó sọ.

Àwọn obìnrin àdúgbò kò bú mi. Ó sàn kí wọ́n bú mi. Láàárọ̀ Jímọ́ọ̀, mo gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n kí mi, wọ́n sì ń kọjá ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Muqaddas nìkan ló ré ọ̀nà kọjá wá bá mi. Ó ṣì wọ ìbọ̀sẹ̀ yẹn.

"Ó ti lajú," ó ní.

"Hakimjon?"

"Ó ń béèrè ìyá rẹ̀. Dókítà ní ará ilé ni kó sọ fún un."

"Sọ fún un, ọmọ mi. Màá bá ọ gbàdúrà."

"Mi ò fẹ́ àdúrà, Màmá. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un."

"Kí n sọ pé ó kú?"

"Kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀."

Mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. A jọ lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn, ó ń yọ̀, ó di apá mi mú kí n má baà ṣubú, èmi náà di apá rẹ̀ mú nítorí oyún, a sì ń lọ bẹ́ẹ̀.

Hakimjon dùbúlẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Nígbà tó rí mi, ó gbìyànjú láti dìde fún àgbà. Orí rẹ̀ kò gbé e. Ó padà sórí ìrọ̀rí.

"Màmá Ruzvon, ẹ má bínú pé mo dùbúlẹ̀. Ẹ jókòó. Ìyá mi dà? Ṣé wọ́n ti jẹun?"

Muqaddas ti ilẹ̀kùn, ó sì fi ẹ̀yìn tì í. Mo jókòó sórí àga.

"Lọ́jọ́ Ajé," mo ní, "lẹ́yìn tí wọ́n gbé bàbá rẹ jáde, mo pe ìyàwó rẹ sọ́dọ̀ mi."